ÀWỌN FÚLÀNÍ DARANDARAN: ÌṢẸ̀DÁLẸ̀ WỌN ÀTI ÌGBÉ AYÉ WỌN

 

Ohun tí ó mú wa kọ àròkọ yìí kò ju ọ̀rọ̀ kékeré kan lọ. Nígbà tí ọdún Iléyá kan ku ọjọ́ díẹ̀, a lọ ná àgbò ní ẹ̀bá títì ní Bárígà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń bá bàbá àgbàlagbà tí ó ń ta àgbò fa ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀, ọ̀dọ́ náà ní, "Mọ́là, ẹ̀yin Gàm̀bàrí yìí, ọjà yín ti wọ́n jù." Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó dá a lóhùn ní èdè Yorùbá tí ó já gaara, tí ohùn Òkè-Ògùn wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi kì í ṣe Gàm̀bàrí. Fúlàní ni mí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni a sin bàbá mi sí." Ojú ti ọ̀dọ́ náà. Kí á má parọ́, ojú ti àwa náà, nítorí pé orúkọ kan náà ni àwa náà ti fi pè é nínú ọkàn wa. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, bàbá yìí ṣe àlùwàlá, ó sì dúró ní sàfù kan náà pẹ̀lú wa, èjìká kan èjìká.

A wá bi ara wa léèrè pé: àwọn ènìyàn tí a ń bá kírun, tí a ń jẹ ẹran wọn, tí a ń ra wàrà lọ́wọ́ wọn, kí ni a mọ̀ nípa wọn? Níbo ni wọ́n ti wá? Kí ló dé tí wọn kì í jókòó sí ojú kan?

ORÚKỌ ÀTI ÈDÈ WỌN

Fúlàní ni àwọn Háúsá ń pè wọ́n, ọ̀dọ̀ Háúsá ni àwa náà sì ti gbọ́ orúkọ náà. Àwọn fúnra wọn ń pe ara wọn ní Fulɓe. Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, Pullo ni wọ́n ń pè é. Àwọn Faransé ń pè wọ́n ní Peul. Èdè wọn ń jẹ́ Pulaar ní apá Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì ń jẹ́ Fulfulde ní ilẹ̀ Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Háúsá àti Fúlàní kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà rárá. Èdè Háúsá bá èdè Lárúbáwá tan láti ọ̀nà jíjìn. Ní ti Fulfulde, àwọn èdè Wolof àti Serer tí wọ́n ń sọ ní Sẹ̀nẹ̀gà ni ìbátan rẹ̀, inú agboolé ńlá tí èdè Yorùbá tiwa wà ni òun náà wà. Èyí lè ya òǹkàwé lẹ́nu, pé Yorùbá sún mọ́ Fulfulde ju bí Háúsá ti sún mọ́ ọn lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn.

IBI TÍ WỌ́N TI ṢẸ̀ WÁ

Ìtàn tí àwọn àlùfáà Fúlàní kọ sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ sọ pé ọ̀gágun Lárúbáwá kan tí ń jẹ́ Uqba dé ilẹ̀ Tóró, ó fẹ́ ọmọbìnrin ọba ibẹ̀ tí ń jẹ́ Bajjo Mango, àwọn ọmọ tí ó bí fún un ni wọ́n sì di bàbá ńlá àwọn Fúlàní. Ìtàn yìí jọ ìtàn tiwa tí ó ní láti Mẹ́kà ni Odùduwà ti wá. Ẹ̀yà tí ó gba Ìsìláàmù a máa wá ọ̀nà tí yóò fi so ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tí ẹ̀sìn náà ti jáde. A kò bú ẹnikẹ́ni fún un, ṣùgbọ́n ìtàn àbáláyé lọ́tọ̀, ẹ̀rí lọ́tọ̀.

Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, àwọn náà ní àlọ́ tiwọn. Wọ́n rí àwọ̀ Fúlàní tí ó pọ́n, imú rẹ̀ tí ó ṣe ṣóńṣó, wọ́n ní kò lè jẹ́ ènìyàn dúdú. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Carl Meinhof, tilẹ̀ to èdè wọn pọ̀ mọ́ àwọn èdè Àríwá Áfíríkà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1912. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, Joseph Greenberg, ni ó tú èrò náà palẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ó fi hàn pé èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ́ńbélé ni Fulfulde. Ní ayé òde òní, àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wò ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó pọ̀ jù lára wọn, ṣùgbọ́n ti Àríwá Áfíríkà náà wà níbẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ọ̀pọ̀ Fúlàní ní ohun kan nínú ara tí ó ń jẹ́ kí àgbàlagbà lè mu wàrà tútù láìsí inú rírun.

Aginjù Sàhárà kò fi ìgbà gbogbo jẹ́ iyanrìn. Ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, koríko àti omi wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń da màlúù níbẹ̀. Àwòrán àwọn màlúù náà ṣì wà lára àpáta Tassili ní ilẹ̀ Àlùjéríà títí di òní. Amadou Hampâté Bâ, ọ̀mọ̀wé ará Málì tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Fúlàní, gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bàbá ńlá òun wà lára àwòrán wọ̀nyí. Èrò ni èyí, gbogbo ọ̀mọ̀wé kò tíì fẹnu kò lé e. Ohun tí ó dájú ni pé bí ilẹ̀ náà ti ń gbẹ, àwọn adaranjẹ̀ ń tẹ̀lé omi lọ sí gúúsù, àti pé etí odò Sẹ̀nẹ̀gà, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Futa Tóró, ni àwọn Fúlàní ti tàn káàkiri.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rìn lọ sí ìlà oòrùn, díẹ̀ díẹ̀, tẹ̀lé ìrù màlúù. Kì í ṣe ogun ni wọ́n fi rìn ín, koríko ni. Wọ́n gba Màsínà ní ilẹ̀ Málì kọjá. Ìwé ìtàn àwọn ọba Kánò sọ pé ní àsìkò Ọba Yakubu, tí ó jọba láàárín ọdún 1452 sí 1463, ni àwọn Fúlàní ti ilẹ̀ Mélè wá sí ilẹ̀ Háúsá, tí wọ́n sì kó ìwé ẹ̀sìn àti ìwé ìmọ̀ èdè dání. Lónìí, wọ́n wà láti Sẹ̀nẹ̀gà àti Gíní títí dé Kamẹrúùnù, Ṣáàdì àti Súdáànù.

ÌSÌLÁÀMÙ LÁÀÁRÍN WỌN

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù tètè dé etí odò Sẹ̀nẹ̀gà. Al-Bakri, òǹkọ̀wé Lárúbáwá tí ó kọ ìwé rẹ̀ ní ọdún 1068, sọ pé War Jabi ọba Takrur gba ẹ̀sìn, ó sì mú àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà á, kí ó tó kú ní nǹkan bí ọdún 1040. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé má ṣe rò pé gbogbo darandaran ni ó di àlùfáà lójú ẹsẹ̀. Oríṣi Fúlàní méjì ni ó wà. Àwọn kan fi màlúù sílẹ̀, wọ́n jókòó sí ìlú, wọ́n gbájú mọ́ kéwú. Àwọn kejì ni wọ́n ń pè ní Fulɓe na'i, ìyẹn Fúlàní onímàlúù, àwọn tí ń gbé inú igbó. Inú ìdílé àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní Tóróbé ni Ṣéù Usman dan Fodio ti wá. Ọdún 1754 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Góbìr, ọdún 1804 ni jíháàdì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì kú ní ọdún 1817. Àlùfáà ni, kì í ṣe darandaran. Ọmọbìnrin rẹ̀, Nana Asma'u, tí ó kú ní ọdún 1864, kọ ìwé ní èdè Fulfulde, Háúsá àti Lárúbáwá, ó sì dá ètò sílẹ̀ tí àwọn obìnrin fi ń kọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn ní ìmọ̀ láti abúlé dé abúlé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ń sọ pé obìnrin Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ kàwé gbọ́ èyí.

BÍ WỌ́N TI DÉ ILẸ̀ YORÙBÁ

Kí jíháàdì Ṣéù tó bẹ̀rẹ̀, àwọn Fúlàní darandaran ti wà ní apá àríwá ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ní màlúù a máa fi í sí abẹ́ ìtọ́jú wọn. Gáà ni a ń pe ibùdó wọn. Gáà Àkànbí tí ó wà ní Ìlọrin lónìí jẹ́ ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ náà ti di ti ilé.

Ìtàn Ìlọrin ni ó mú ọ̀rọ̀ Fúlàní korò lẹ́nu ọ̀pọ̀ Yorùbá. Àfọ̀njá tí ó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ọ̀tẹ̀ sí Aláàfin, ó sì pe àlùfáà Fúlàní kan, Sálíù tí gbogbo ayé mọ̀ sí Álímì, pé kí ó wá fi àdúrà ran òun lọ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1824, wọ́n pa Àfọ̀njá, ọmọ Álímì, Abdulsalami, sì di ẹmía àkọ́kọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbé ni pé àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ti wà ní Ìlọrin ṣáájú èyí. Ṣọlágbẹrú, olórí wọn ní Òkè Súńnà, bá àwọn Fúlàní dìmọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ Abdulsalami ni òun náà kú sí. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Fúlàní ni ó mú Ìsìláàmù wá fún wa. Orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ ẹ̀sìn náà, ìyẹn Ìmàle, ń tọ́ka sí ilẹ̀ Málì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò tọ́ kí á ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ìjòyè ọdún 1824 sí ọrùn ìyá arúgbó tí ń kiri wàrà lónìí. Ọlọ́hun ti fi ẹ̀rín sí i: ọ̀pọ̀ ọmọ Fúlàní Ìlọrin kò gbọ́ Fulfulde mọ́. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ni wọ́n fi ń lálàá.

ÌGBÉ AYÉ INÚ GÁÀ

Ní inú gáà, màlúù ni oko, òun ni ilé ìfowópamọ́, òun ni iyì. Ilé wọn, tí wọ́n ń pè ní suudu, igi tí a tẹ̀ kọdọrọ ni, tí a fi koríko bò. Wọ́n lè kọ́ ọ láàárín ọjọ́ kan, kí wọ́n sì fi sílẹ̀ ní ọjọ́ tí koríko bá tán. Okùn gígùn kan wà tí wọ́n ń so àwọn ọmọ màlúù mọ́ níwájú ilé. Okùn yìí ni ààlà láàárín ibùgbé ènìyàn àti ibùsùn ẹran. Màlúù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, láti ara àwọ̀ rẹ̀ tàbí ìwo rẹ̀. Bí wọ́n bá bí ọmọkùnrin, ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni bàbá rẹ̀ ti lè yan màlúù fún un, kí agbo tirẹ̀ lè máa dàgbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ọkùnrin ni ó ń da ẹran. Obìnrin ni ó ni wàrà. Òun ni ó ń fún un, òun ni ó ń pò ó, òun ni ó ń gbé igbá rù lọ sí ọjà, owó rẹ̀ sì di tirẹ̀. Nínú owó yìí ni ó ti ń ra iyọ̀, àgbàdo àti aṣọ ọmọ. Wàràkàṣì tí a ń din jẹ, oje ewé bọ̀mùbọ̀mù ni wọ́n ń lò láti mú kí wàrà dì. Àjọṣe tí ó wà láàárín ìyá ẹlẹ́wàrà àti ìyá ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ẹ́rí ọjà Yorùbá ti pẹ́ ju ìjọba Nàìjíríà lọ. Bákan náà ni ti àgbẹ̀ àti darandaran. Lẹ́yìn ìkórè, màlúù a wọ oko, a jẹ pòròpórò, ìgbẹ́ rẹ̀ a sì di ajílẹ̀ fún ọdún tí ń bọ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń ṣí kiri? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ní ìgbà òjò, tí wọ́n ń pè ní ndungu, koríko pọ̀ ní òkè ọya, eṣinṣin tsetse tí ń fún màlúù ní àrùn oorun sì pọ̀ ní ìsàlẹ̀ níhìn-ín. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ceedu, òkè ọya a gbẹ táútáú, eṣinṣin a dín kù ní gúúsù, ni wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ wá. Ọgbọ́n ni ìrìn náà, kì í ṣe ìrìn àrè. Màlúù funfun ńlá tí a mọ̀ mọ́ wọn kò lè fara da eṣinṣin yìí bí màlúù kúkúrú ilẹ̀ wa ti lè fara dà á.

Ìwà tí wọ́n fi ń mọ Fúlàní gidi ni pulaaku. Ó ní munyal nínú, ìyẹn sùúrù àti ìfaradà. Ó ní semteende, ìyẹn ìtìjú. Ó ní hakkille, ìyẹn làákàyè. Fúlàní tí ó sunkún ní gbangba, tí ó wọ̀bìà, tàbí tí ó fi ìbínú hàn níwájú àna rẹ̀, ti tẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí à ń pè ní ọmọlúàbí kò ní ṣe àjèjì sí èyí. Kì í ṣe gbogbo àṣà wọn ni àwọn àlùfáà fọwọ́ sí. Ṣáró, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń na ara wọn ní pàṣán láti fi akin hàn, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń kọ̀ fún wọn.

Àwọn Fúlàní nìkan kọ́ ni ó ń gbé irú ayé yìí. Ní ilẹ̀ Ìráànì, àwọn Bakhtiyari, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka Páṣíà, a máa kó àgùntàn àti ewúrẹ́ wọn la òkè Zagros kọjá ní ọdọọdún, láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ Khuzestan tí òtútù kò ti pọ̀, lọ sí orí òkè nígbà ooru. Ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Afganistáànì, àwọn Aimaq tí wọ́n ń sọ èdè Páṣíà, tí wọ́n sì jẹ́ Mùsùlùmí onísúńnà, ń gbé inú àgọ́ tẹ̀lé ẹran wọn. Ẹni tí ó bá ka Súrà Ƙuraiṣi nínú Alùkùránì mọ̀ pé ìrìn ìgbà òtútù àti ìrìn ìgbà ooru kì í ṣe ohun tuntun lójú Ọlọ́hun.

OHUN TÍ Ó YÍ PADÀ

Àjálù púpọ̀ ti bá wọn. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbo wọn. Àrùn náà tún padà ní Nàìjíríà ní ọdún 1983, kí àgbáyé tó kéde ní ọdún 2011 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Ọ̀dá ọdún 1972 sí 1974, àti ti àárín ọdún 1980 sí 1985, lé ọ̀pọ̀ agbo wá sí gúúsù. Oògùn àrùn màlúù tún dé, a gé igbó, eṣinṣin tsetse dín kù, agbo ẹran sì lè gbé ní ilẹ̀ Yorùbá tẹ̀rùn tòjò.

Ìjọba gbìyànjú díẹ̀. Àríwá Nàìjíríà ṣe òfin ibùjẹ ẹran ní ọdún 1965, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ni wọ́n ti fi dáko tàbí kọ́lé. Ní ọdún 1989 ni òfin gbé àjọ ètò ẹ̀kọ́ àwọn darandaran kalẹ̀ ní Kàdúná. Síbẹ̀, ọmọ tí ń tẹ̀lé màlúù láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́ ṣòroó rí mú jókòó ní kíláàsì. Iye ènìyàn ń pọ̀ sí i, oko ń fẹ̀ sí i, ojú ọ̀nà màlúù di oko ẹ̀gẹ́. Àwọn olè agbófìbọn ń jí màlúù, àwọn mìíràn nínú àwọn ọmọ tí wọ́n pàdánù agbo sì gbé ìbọn tiwọn.

Ìbànújẹ́ rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, wọ́n jó ilé Sẹ́rìkí Fúlàní ní Ìgangan ní ilẹ̀ Ìbàràpá, lẹ́yìn ìpànìyàn àti ìjínigbé tí àwọn ará ìlú ti ń ké sí. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, àwọn agbébọn wọ ìlú náà ní òru, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn gómìnà gúúsù ti pàdé ní Asaba ní oṣù karùn-ún láti fi òpin sí dída ẹran kiri ní gbangba. Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí òfin tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn.

Àgbẹ̀ tí màlúù jẹ oko rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ẹni tí wọ́n pa ènìyàn rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdájọ́. Ìsìláàmù kò gba kí á fi orúkọ ẹ̀sìn bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó pànìyàn, kí ìyà jẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ Fúlàní tàbí Yorùbá. Ṣùgbọ́n kí á mú ẹni tí ó ṣẹ̀, kí á má mú ẹ̀yà rẹ̀. Bí olè kan bá jẹ́ ọmọ Ṣómólú, ṣé gbogbo Ṣómólú ni wọn yóò kó lọ sí àtìmọ́lé?

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Ẹran tí a ń rà ní ọjà wa, láti Kárà létí Odò Ògùn tàbí Oko-Ọba ní Agége, ẹsẹ̀ Fúlàní kan ni ó tẹ̀lé e láti òkè ọya. A ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní màlúù tí kò ní ìrù, Ọlọ́hun ní í bá a lé eṣinṣin. Ọ̀pọ̀ darandaran ló dà bí màlúù aláìnírù náà lónìí: kò ní ilẹ̀, kò ní ìwé, kò sì ní ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún un àfi Ọlọ́hun, tàbí ẹni burúkú tí yóò gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Ìgbà ìdaranjẹ̀ káàkiri ń lọ sí òpin. Bí àwọn Fúlàní ti máa jókòó sí ojú kan láìsí ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó kù, kò sì ní ṣeé ṣe bí àgbẹ̀ àti darandaran kò bá lè jókòó sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ náà ní Bárígà, lẹ́yìn ìrun, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn padà sí ìdí àgbò. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú." Bàbá náà ní, "Kò tó nǹkan, ọmọ mi," ó sì dín owó àgbò náà kù fún un. Munyal ni àwọn ń pe èyí. Àwa ń pè é ní sùúrù.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á gbọ́ ara wa yé, kí ó sì fi ìfọ̀kànbalẹ̀ sí ilẹ̀ wa. Àmín.